Ohun Tí Wọ́n Kọ Sára Ọ̀rá Ṣínṣín

Ẹ fa àga mọ́ra, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Kí ẹni tó ń kánjú ti máa lọ, kí ẹni tó kù jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Òórùn ló máa ń gbé e wá fún mi. Bí mo bá ti kọjá níbi tí òróró ti ń gbóná, tí wọ́n ti fi bọ́tà àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì po fúláwà, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀, ojú mi á sì padà rí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìgándò: ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú, agbada òróró lórí ààrò gáàsì, tábìlì gbọọrọ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń gé ṣínṣín, àti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà, tó fi awò sójú, tó gbé ọ̀rá ṣínṣín kan súnmọ́ imú, tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí láti ilé.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wa sí. Òun ló kọ́kọ́ wá sí Èkó, òun ló sì ránṣẹ́ pè mí tí èmi náà fi wá di ará Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ó rán aṣọ ní Ẹ̀gbẹ́dá títí ojú rẹ̀ fi kọ̀ tí kò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa télọ̀, pé irọ́ ni wọ́n fi ń bọ́ ara wọn, pé bó bá ní ọ̀la, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń sọ. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ní Jímọ̀, Jímọ̀ náà ni. Bí àgékù bá ṣẹ́ kù lára aṣọ rẹ, á ká a sínú aṣọ náà fún ẹ, kékeré tó wù kó jẹ́. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ládùúgbò nìyẹn, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní ọlá mìíràn.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ wá bá a, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ kò ní kó má jẹun mọ́. Ohun tó sọ fún un ni pé kó máa jẹ ohun tó mọ ìwọ̀n rẹ̀, kó máà máa jẹ ohun tó ń fojú díwọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú. Ẹni tó ti fi ìwọ̀n jẹun láti kékeré ni wọ́n ní kó tún wá máa fi ìwọ̀n jẹun lágbà.

Àkókò yẹn gan-an ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò jókòó sunkún. Ó lọ ra fúláwà ní Ṣáṣá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín ṣínṣín, ó ń gbé e kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòtún. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní ó dùn, ṣùgbọ́n àwọn kò lè gba ọ̀rá tí kò ní ìwé lára. Ló bá mú ọ̀rá ṣínṣín ilé iṣẹ́ ńlá kan lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ó ní kó bá òun ṣe irú rẹ̀. Atẹ̀wé yí orúkọ padà, ó yí àwòrán padà, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà: gíráàmù ọgbọ̀n, ìwọ̀n ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan, ṣúgà báyìí, òróró báyìí. Ọmọ náà kò fi ṣe jìbìtì. Ó wá agolo kékeré kan tí ṣínṣín inú rẹ̀ tó gíráàmù ọgbọ̀n náà géérégé, agolo yẹn ló sì ń fi bù ú sínú ọ̀rá.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, àfi bíi pé tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá òwò náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, á gba ọ̀rá kan, á fi tíì tí kò ní ṣúgà tì í, ó parí títí di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kan mo na ọwọ́ sínú ọ̀rá náà, ló bá gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Ìwọ̀n ẹnìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, àbúrò mi. Ìwọ wá di ẹnì kejì."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú yàrá, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Àwọn àti ìwé ni wọ́n jọ fẹ́ ara wọn báyìí." Ẹ mọ̀ pé àbúrò ọkọ ni mí, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọkọ ni mo jẹ́ fún un. A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ṣì wà nínú ilé náà nígbà yẹn.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún un níka láti yẹ ṣúgà wò bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀rọ̀ tí kò dára wá. Bàtà ha á lẹ́sẹ̀, ojú egbò náà kò sì jiná. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì bi í léèrè gbogbo ohun tó ń jẹ. Ó kà á fún un láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ó sì yọ ọ̀rá ṣínṣín náà jáde. Nọ́ọ̀sì kà á, ó dá a padà fún un jẹ́jẹ́. Ó ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ èyí nìkan ni ẹ ń jẹ, ẹ̀rọ yìí kò ní máa sọ ohun tó ń sọ."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti di òpùrọ́ nínú ilé ara rẹ̀.

Mi ò bá ìyàwó wa wí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àtọ̀gbẹ kan náà ló gba ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, òun ló sì tọ́jú rẹ̀ dé ojú ikú. Bó bá ti rí aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ohun tí kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀ ló ń rí. Ó ti ilẹ̀kùn ibi tí oúnjẹ wà, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Ó lọ bá obìnrin tó ń ta bọ́ọ̀nsì ní ìta, ó ní kó má tà fún Àlàájì, ọkọ òun, mọ́. Obìnrin náà ní Àlàájì kò rà á lọ́wọ́ òun rí. Ìyàwó wa ní òun mọ̀ pé obìnrin náà ń bò ó láṣìírí ni. Ọmọ náà dara pọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ohùn ìfẹ́ ló sì fi ń sọ tirẹ̀, èyí tó tún dùn ún jù: "Dádì, ẹ sọ òtítọ́ fún wa, ká lè ràn yín lọ́wọ́."

"Wallahi, ọ̀rá kan ni mo ń jẹ."

"Àlàájì," ìyàwó rẹ̀ dáhùn, "ẹ má fi Ọlọ́run búra nítorí ṣínṣín."

Ojú mi báyìí ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti mọ́sáláṣí ṣe wá kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìta ni ẹ̀gbọ́n mi náà ti ń bọ̀, ó ń tiro. Kó tó jókòó, ìyàwó wa dìde, ó ti ọwọ́ bọ àpò bùbá rẹ̀ níwájú àwọn àlejò, ó ń wá èérún. Tẹ̀sùbáà àti áńkáṣíìfù ló bá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jà. Ó gbé apá méjèèjì sókè, ó dúró gbọnrangandan, bí oníbàárà tí télọ̀ ń wọ̀n, ó ń wo iwájú rẹ̀ títí obìnrin náà fi wá gbogbo àpò rẹ̀ tán. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jọ, ó sì rán ẹnu àpò wọn pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Kí ọwọ́ má baà rí ibi wọ̀ mọ́."

Egbò náà kọ̀, kò jiná, wọ́n sì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ní ilé ìwòsàn. Bó ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tó ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń fún un, ṣúgà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìyàwó wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé mo rí i báyìí, pé níbi tí kò ti rí ọ̀nà jí oúnjẹ jẹ, ara rẹ̀ ń balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jọ òtítọ́. Bí irọ́ bá ti wọ aṣọ tó bá a mu, ta ló ń bi í pé ta ló rán an?

Nítorí pé ìyàwó wa ò kúrò ní ilé ìwòsàn, mo máa ń lọ bá ọmọ náà di ṣínṣín lọ́sàn-án. Èmi ń bù ú, òun ń fi iná lẹ ẹnu ọ̀rá. Mo bu agolo kan, mo fi ọwọ́ gé orí rẹ̀, mo dà á sínú ọ̀rá. Bí mo ti fẹ́ nà án sí i, ó na ọwọ́ kọjá iwájú mi, ó fi ọwọ́ kó ṣínṣín, ó jù ú lé e.

Mo bi í pé kí lèyí tún jẹ́.

"Èènì ni, Aǹtí. Ẹ fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ahun l'Ìkòtún?"

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti tajà rí. Ta ló ń wọn nǹkan fún ènìyàn tí kì í fi èènì sí i? Ìyá wa a máa sọ pé ọjà tí kò ní èènì, ìjà ni. Mo bu òmíràn, ó tún fi ọwọ́ kún un. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọwọ́ mi dúró lórí agolo.

"Ti bàbá rẹ náà ńkọ́? Ṣé o máa ń fi èènì sí tiwọn?"

"Ti Dádì?" Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ti Dádì ni mo máa ń fi sí jù. Ọ̀tọ̀ ni mo máa ń..."

Kò parí rẹ̀. Òróró ń ta nínú agbada, kò sẹ́ni tó dìde lọ wò ó.

A kó ọ̀rá náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja dídì ní ìta, a ní kó bá wa gbé e sórí òṣùwọ̀n. Èyí tí mo bù fúnra mi láì ní èènì, ohun tí wọ́n kọ ló wọ̀n. Èyí tó bù bó ṣe máa ń bu ti bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ẹlẹ́ja ní, "Ẹ̀yin mà ń ṣe dáadáa fún oníbàárà o." Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì ẹlẹ́ja.

Ọjọ́ náà la lọ sí ilé ìwòsàn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ìkankan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo àjà. Mo rò pé á bèèrè ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, pé á bínú, pé á sunkún. Ohun tó bèèrè kọ́ nìyẹn.

Ó ní, "Ọ̀rá kan náà ni mo jẹ, àbí?"

"Ọ̀rá kan ni, Dádì."

"Sọ ọ́ kí ìyá rẹ gbọ́."

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, kò sì lè wọlé.

Mo ti yí ọ̀rọ̀ náà wò láti ìgbà yẹn, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀rọ kò parọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò parọ́. Ọmọ náà kò ní ìkà nínú. Ìwé ara ọ̀rá nìkan ni ẹnikẹ́ni kò bi léèrè, nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni. Ohun mẹ́ta tí kò bára mu ló wà níwájú wa, a gba ẹ̀rọ gbọ́, a gba ọ̀rá gbọ́, èyí tó kù láti pè ní òpùrọ́ ni ènìyàn tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti wá ń wo ọ̀rá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà báyìí. Mo rí bisikíìtì kan tí gbogbo rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fi awò wò ó títí, mo rí i nísàlẹ̀ pé ìwọ̀n ènìyàn mẹ́ta ni, ṣúgà tí wọ́n sì kọ sókè gàdàgbà, ti ẹnìkan ṣoṣo ni. Níbo ni wọ́n ti ń ṣí irú bisikíìtì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á jẹ ìdá kan, tí wọ́n á wá di ìyókù padà? Nílé wa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní inú rẹ̀ kò dára. Àwọn tó kọ ọ́ kò parọ́. Wọn kò kàn mọ ọwọ́ tó máa ṣí i ni, tàbí wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sílé, ó sì tún lo ìgbà díẹ̀ sí i kó tó lọ. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti dárí jì í, mo sì gbà pé ó dárí jì í. Ṣùgbọ́n kò jẹun tán rí mọ́ kó má pe ẹnìkan wá wo abọ́ rẹ̀.

Wọ́n pín ogún rẹ̀ bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Ilé di ti ìyàwó àti ọmọ, ẹ̀rọ ìránṣọ di tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ìyàwó wa jogún ohun tí wọn kò kà mọ́ ogún: bí ẹnikẹ́ni bá bú ẹlòmíràn ní òpùrọ́ níwájú rẹ̀ báyìí, á dìde kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà ṣì ń dín ṣínṣín. Ó ra òṣùwọ̀n, gíráàmù ọgbọ̀n ni gíráàmù ọgbọ̀n rẹ̀. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ yìí nígbà tí oníbàárà àtijọ́ kan ń gbé ọ̀rá náà sókè sódò lọ́wọ́.

"Ọmọ Àlàájì, ọwọ́ rẹ ti ṣe le tó báyìí? Fi èènì sí i jàre."

"Ẹ má bínú, Mà. Ohun tí wọ́n kọ ló wà níbẹ̀."

Obìnrin náà pòṣé, ó gbé ọ̀rá sílẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ náà wò ó títí ó fi lọ, ó sì fa òṣùwọ̀n mọ́ra, ó bu òmíràn. Ọwọ́ tó lawọ́ jù lọ nínú ìdílé wa ni mo ń wò yẹn, tó ti di rírán pa bí ẹnu àpò. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yìn ín, tàbí kí n bá a kẹ́dùn.