Múkáílà, Má Sùn Kọjá: Láti Ìkejà sí Agbowó

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, náírà kan tó bá wà lápò mi láàárọ̀ lè bọ́ mi di alẹ́, kọ́bọ̀ tí n óò fi ra ìwé ìròyìn á sì tún ṣẹ́ kù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo nà sí ẹlẹ́kọ ní Bódìjà. Ẹ̀kọ méjì àti àkàrà díẹ̀ ló dì fún mi, mo sì tún dúpẹ́. Owó dísẹ́ẹ̀lì tí a rà lọ sí Ìkejà lọ́jọ́ náà, ká ní ayé ìgbà yẹn ni, ì bá ra ọkọ̀ tuntun. N kò ráhùn. Mo kàn ń rántí ni.

Mo kàwé jọ́gíráfì ní yunifásítì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba tí mò ń retí kò dé. Mo wá bá àwọn tó ń kó ẹrù ọkọ̀ òfurufú láàárín Ìkejà àti Ìbàdàn lọ. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe é, wọ́n sì sọ mí ní Yunifásítì títí orúkọ àbísọ mi fi parẹ́ lẹ́nu wọn. A máa ń kó oògùn, a máa ń kó irin ẹ̀rọ, a máa ń kó ọmọ adìẹ tó ń ké láti Ṣágámù dé Alákìá. Ìgbà mìíràn, òkú ni. Láàárín wa, a kì í pe òkú ní ẹrù. Èrò la máa ń pè é. Bí o bá sì gbé irú èrò bẹ́ẹ̀, o gbọ́dọ̀ máa pe orúkọ gbogbo ibi tí ẹ bá ń kọjá sókè ketekete, kó má baà sùn kọjá ibi tó ń lọ.

Múkáílà jẹ́ ọ̀kan nínú wa. Ọmọ rẹ̀ ló mú un lọ sókè òkun nígbà tó darúgbó, ibẹ̀ ló sì kú sí. Kò sí ìgbà tó pè wá lórí fóònù tí kì í sọ ọ́: "Bí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ agbókùú tó ń fọn fèrè gbé mi o. Ọkọ̀ tiwa ni kẹ́ ẹ fi gbé mi. Ẹ gba Challenge, ẹ gba Ring Road, kí ẹ yà sí Dùgbẹ̀ kí n rí i, kí ẹ tó gbé mi lọ sílé ní Agbowó." Àwa a sì ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rin Dùgbẹ̀.

Jìmọ́ọ̀ nìkan ló ṣì ní ọkọ̀ nínú wa. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ òfurufú gbé Múkáílà dé Ìkejà, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó ti gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó sì ti tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ìyá Bíọ́lá, ìyàwó Múkáílà, ti bẹ̀ wá pé ká dé kí wọ́n tó kí ìrun Àsárì. Ó ní ọkọ òun ti pẹ́ jù nínú yìnyín, kò gbọdọ̀ sun òde mọ́.

A tètè dé Ìkejà. Sẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń pe àgọ́ ńlá tí wọ́n ń kó ẹrù ọkọ̀ òfurufú pamọ́ sí. Nílé wa, ènìyàn kì í bá olóòkú sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ kí i. Ní sẹ́ẹ̀dì, orúkọ ẹrù ni wọ́n fi ń kí ènìyàn. Ọmọbìnrin kan yọrí lójú fèrèsé, ó pariwo: "Ta ló ni ẹrù Ìbàdàn?"

Mo wo Jìmọ́ọ̀. Ó ká apá mọ́ àyà.

"Ẹrù Ìbàdàn dà?"

"Kì í ṣe àwa ló ń pè," ni Jìmọ́ọ̀ wí fún mi.

Èmi náà jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ náà ti ìwé wa sábẹ́ àwọn yòókù. Wọ́n ti kírun Àìlà tán kó tó jáde wá bá wa lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wá gbé òkú lọ sí Ìbàdàn? Látàárọ̀ ni mo ti ń pè yín!"

"O ò pè wá, ọmọ mi," ni Jìmọ́ọ̀ dá a lóhùn. "Ẹrù lo pè. Èrò la wá gbé."

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wò mí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ wá gbé èrò yín."

Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi gbé pósí Múkáílà sórí ẹní, oòrùn ti yẹ̀ lórí. A kò dúró jẹun ní Ògèrè bí a ti máa ń ṣe. Jìmọ́ọ̀ ń wakọ̀, ó ń pariwo sẹ́yìn: "Múkáílà, Ṣágámù rèé o! Múkáílà, Ògèrè! Má sùn!" Nígbà tí Ìbàdàn kù díẹ̀, àbúrò Ìyá Bíọ́lá pè mí.

"Bàbá, ẹ má gba Challenge o! Tírélà ti ṣubú dí ọ̀nà. Ẹ gba ọ̀nà tuntun tó gba ẹ̀yìn ìlú. Ààfáà ti dé."

Jìmọ́ọ̀ dúró níbi tí ọ̀nà ti pín. "Dùgbẹ̀ ló ní ká gba."

"Ìyàwó rẹ̀ ní kó má sun òde."

Ká ní a jẹ́ ọmọbìnrin yẹn lóhùn láàárọ̀, à bá ti kọjá Dùgbẹ̀ kí tírélà kankan tó ṣubú. Àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n. Jìmọ́ọ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn, ó kan pákó tó wà láàárín àwa àti Múkáílà. "Múkáílà, má bínú." Ó yà.

Ọ̀nà náà fẹ̀, ó ń dán, kò ní kòtò kan. Ṣùgbọ́n a kò mọ ibì kankan níbẹ̀. A dá ọlọ́kadà kan dúró.

"Ọmọ mi, kí lorúkọ ibí?"

"Bàbá, ibí ò tíì lórúkọ o. Ọ̀nà tuntun là ń pè é."

Jìmọ́ọ̀ yíjú sí mi. "Yunifásítì, ṣebí jọ́gíráfì lo kà. Pè é ní nǹkan kan."

"Wọn ò tíì là á nígbà tí mo kà á."

A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. Mo gbé ẹnu sí fèrèsé kékeré tó wà lẹ́yìn wa, mo sì ń sọ ohun tí mo bá rí: "Múkáílà, pápá nìyí. Màlúù wà lápá ọ̀tún. Ilé tí wọn ò tíì kàn lórùlé rèé. Àwa náà ò mọ ibí o, ṣùgbọ́n má sùn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe já sí ọ̀nà Ifẹ̀. Kò pẹ́ tí Jìmọ́ọ̀ fi kígbe: "Alákìá! Múkáílà, Alákìá rèé!" Pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn ló wà níbẹ̀, ibi tí a ti máa ń já ẹrù. Nígbà náà, ẹni tó bá ti Ìkejà dé á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè ṣí géètì. Jìmọ́ọ̀ fọn ọ́n. Ọ̀dọ́ kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yọjú, ó wò wá, ó sì padà wọlé.

A bá Ààfáà lórí ìdúró ní Agbowó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé Múkáílà ló bá wa gbé e wọlé. Wọ́n kí ìrun Àsárì, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Bíọ́lá pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé ó rí Dùgbẹ̀?"

Jìmọ́ọ̀ ṣí fìlà. "Kò rí i, Ìyá Bíọ́lá. Alákìá ló rí."

Obìnrin náà tún ìborùn rẹ̀ wé. "Alákìá náà dáa. Ibẹ̀ ló ti máa ń ra búrẹ́dì wálé."

Jìmọ́ọ̀ gbé mi délé. Bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní: "Bódìjà rèé o, Yunifásítì. Má sùn kọjá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. A kò jẹ́ kí wọ́n pe Múkáílà ní ẹrù ní Ìkejà, ṣùgbọ́n ọ̀nà Dùgbẹ̀ tó tọrọ la fi san án. N kò tíì mọ èyí tí ì bá yàn.

Nínú àwa márùn-ún, Sámúẹ́lì ló kọ́kọ́ lọ, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Délé tẹ̀lé e. Múkáílà ti dé ilé. Jìmọ́ọ̀ wà, ó ṣì ń wakọ̀. Èmi náà wà. Ẹni tó bá ṣáájú nínú àwa méjèèjì ti rí ẹni tí yóò máa pe ọ̀nà fún un.