Ọpẹ́ Tó Kúrò Lọ́wọ́ Dérébà

Ẹni tó bá sọ pé ọkùnrin kì í jowú kò tíì bá Dérébà báńkì oúnjẹ pàdé ni. Kì í ṣe owú obìnrin ni mo ń wí o. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé, kò sẹ́ni tó ń bá a dù ú. Ọpẹ́ ni bàbá yìí ń jowú lé lórí. "Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bù kún yín" tí àwọn èèyàn máa ń fi kí i tẹ́lẹ̀ ló di ohun tí wọ́n fi ń kí obìnrin onídìrí kan tí kò mọ jíà yàtọ̀ sí bíréèkì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Báńkì oúnjẹ tó ń bá ṣiṣẹ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń tọ́jú owó sí. Ilé gbàràmù kan ni, onípáànù, tí àpò ìrẹsì, àpò ẹ̀wà, páálí ẹja inú agolo àti wàrà oníyẹ̀fun tò jọ débi tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Àwọn ilé ìtajà ńlá, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ló máa ń kó ohun tí wọn ò rí tà wá síbẹ̀ kó tó bàjẹ́. Iṣẹ́ Dérébà ni láti kó o sínú ọkọ̀ ẹrù, kó sì gbé e lọ bá àwọn tébi ń pa ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ó ti ṣe iṣẹ́ náà títí irun imú rẹ̀ fi funfun, ọkọ̀ kò sì yọ ọ́ lẹ́nu rí.

Láyé ìgbà yẹn, oríta ló máa ń páàkì sí. Á ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, á gùn ún, á dúró lókè bí ẹni tó fẹ́ wàásù, àwọn èèyàn á sì tò sísàlẹ̀ nínú oòrùn. "Ẹ tò o! Ẹni tó bá ti èèyàn, ẹ̀yìn pátápátá ló ń lọ!" Ọ̀gá Oúnjẹ làwọn ọmọdé ń pè é. Bí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè, ariwo sọ nìyẹn. Ó sì lẹ́nu ẹ̀fẹ̀. Á na àpò sí obìnrin kan, á ní, "Ẹ̀yin tún ni? Ikùn yín yìí mà ń gbà á o!" Gbogbo ìlà á bú sẹ́rìn-ín, obìnrin náà á bá wọn rín in. Ẹ̀rín ẹni tó ń dúró de ìrẹsì kò ṣeé gbọ́kàn lé, àmọ́ Dérébà kò mọ̀yẹn. Lójú tiẹ̀, inú gbogbo èèyàn ló ń dùn, òun ló sì ń mú un dùn.

Àfi bí ọ̀gá tuntun ṣe dé sí báńkì oúnjẹ, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámú. Ó ní pínpín oúnjẹ lójú títì ti tán. Ó ní àwọn tó ń gbé àdúgbò ló mọ ẹni tébi ń pa níbẹ̀, nítorí náà, àwọn wọ̀nyẹn ni báńkì oúnjẹ máa bá ṣiṣẹ́: ilé ìwé níbí, ilé ìwòsàn kékeré lọ́hùn-ún, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì níbòmíràn. Wọ́n á gba oúnjẹ lọ́wọ́ Dérébà, wọ́n á fọwọ́ ara wọn pín in.

"Èmi ńkọ́, Màdáámú?" Dérébà bi í.

"Ẹ̀yin á máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ti já a sílẹ̀, ẹ máa bọ̀."

Ẹ máa bọ̀! Dérébà gbé gbólóhùn yẹn relé, ó fi jẹun alẹ́, ó fi sùn.

Ní àdúgbò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé, ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni wọ́n mú. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ: dígí gígùn kan tó ti sán létí, àga méjì níwájú rẹ̀, diráyà mẹ́ta lára ògiri, àwọn ẹ̀rọ olórí ràgàjì tí wọ́n fi ń gbẹ irun, àti òórùn ìpara pẹ̀lú irun tó jóná díẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni wọ́n ń kó oúnjẹ sí, ilẹ̀kùn kan sì wà níbẹ̀ tó já sí ẹ̀yìnkùlé. Dérébà á ru àpò wọlé, òógùn á máa ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin tó jókòó á máa sọ pé, "Onídìrí, o ṣeun o jàre. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kọ́wọ́ rẹ rọ." Lọ́jọ́ kan, kò lè mú un mọ́ra.

"Ẹsẹ̀ kọ́ ni ìrẹsì yìí fi rìn wá o," ó wí bí ẹni ń ṣẹ̀fẹ̀. "Èmi ni mo gbé e wá!"

"A rí yín, Dérébà. Ẹ kú iṣẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú padà sí dígí. Kú iṣẹ́ lásán, bí ẹni ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀.

Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tí Dérébà ṣì ń yọ eyín, ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n, òun ló rán aṣọ ilé ìwé fún un, òun kan náà ló sì rán ti gbogbo ọmọ àdúgbò títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, ó sì jẹ́ obìnrin tí kì í jáde láìlọ aṣọ rẹ̀. Bí Dérébà bá lọ kí i lọ́jọ́ ìsinmi, á gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀.

"Tiyín ńkọ́, Àǹtí?"

"Mo ti jẹ tèmi. Jẹun, ọmọ ìyá mi." Á wá jókòó tì í, á máa wò ó.

Lọ́jọ́ kan tó ń jẹun lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ kan irun orí ara rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Onídìrí yẹn mà láàánú o," ó ní. "Ó mọ èèyàn tọ́jú. Àwọn bíi tiẹ̀ ò pọ̀."

Dérébà dá ọwọ́ oúnjẹ dúró. Ó jẹ ẹ́ tán ṣá, kò kúkú jẹ́ fi oúnjẹ sílẹ̀, àmọ́ kò mọ adùn rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n òun! Kò yin òun bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí òun ti ń wakọ̀ oúnjẹ. Ó délé, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ lu tábìlì, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ́tí sí i títí ó fi sú u.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ á sinmi," ìyàwó wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ gbin ìrẹsì ọ̀hún ni?"

Dérébà dìde kúrò nídìí tábìlì. Owú ti wọ̀ ọ́ lára, owú kì í sì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Látìgbà náà, tó bá ti já ẹrù sílẹ̀, kì í bọ̀ mọ́. Á páàkì sí kọ̀rọ̀ kan tó ti lè rí iwájú àti ẹ̀yìnkùlé, á máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun tó sì rí dùn mọ́ ọn. Àwọn obìnrin ń wọlé ní orí játijàti, wọ́n ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé jáde pẹ̀lú irun tó ń dán, àpò sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Òmíràn tún kun ètè. Dérébà lu orí ìdarí ọkọ̀. Ọwọ́ bà á! Ẹni tébi ń pa, ṣé irun ló máa kọ́kọ́ wá dì?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà ní ọ́fíìsì Màdáámú.

"Màdáámú, àwọn oge ni onídìrí ń kó oúnjẹ aláìní fún. Oníbàárà rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó ń fi oúnjẹ wa fa èrò sí ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣé ojú yín ló rí i, Bàbá?"

"Ojú mi méjèèjì, Màdáámú."

Màdáámú ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun á tẹ̀lé e lọ́jọ́ tó bá tún fẹ́ gbé ẹrù lọ. Tó bá jẹ́ òótọ́, àwọn á gba oúnjẹ kúrò lọ́wọ́ onídìrí, kò sì sí ẹlòmíràn ní àdúgbò náà tí àwọn lè gbé e fún báyìí, àfi tí wọ́n bá ní kí Dérébà máa pín in lórí ọkọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ ná. Bíi ti tẹ́lẹ̀! Ẹ ò bá rí Dérébà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Ó ń súfèé, ó ń yà fún àwọn ọlọ́kọ̀ tí kò yà fún rí, ó tún ń kí wọn.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, onídìrí ń ya irun fún ẹnì kan lórí àga, àwọn mẹ́ta sì wà lábẹ́ diráyà, orí ẹ̀rọ bò wọ́n títí dé imú. Onídìrí fi òòyà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí àlejò. Màdáámú kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Wọ́n ní àwọn tó ń wá dìrí lẹ̀ ń fún ní oúnjẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," onídìrí dáhùn.

Díẹ̀ ló kù kí Dérébà fò sókè.

"Gbogbo ẹni tó bá wá gba oúnjẹ ni mo máa ń dìrí fún, mà," ó ń bá a lọ. "Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbé oúnjẹ wá, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo kó o sí. Àwọn tí ojú ò tì mọ́ nìkan ló wá. Ẹni tó bá wọ ibí tó jáde láìdìrí, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tó wá ṣe nìyẹn. Ni mo bá ní kí gbogbo wọn máa jókòó. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, mà, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹni tó sanwó irun àti ẹni tó wá gba ìrẹsì, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tó ń kọjá lọ."

Màdáámú wo àwọn tó wà lábẹ́ diráyà. "Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí," ó ní. "Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fún wa lóúnjẹ á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ẹ fi ẹnì kan hàn mí, ẹnì kan péré, tó ń gbà á torí pé ebi ń pa á."

Onídìrí mi orí. "Mo ti ṣèlérí fún wọn pé ẹnu mi ò ní gbé e jáde. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa torí ẹ̀ kó oúnjẹ yín, ẹ kó o, mà." Bó ṣe sọ ọ́ tán ni omi lé ròrò sí i lójú, torí ó mọ ohun tí òun ń sọ. Tí oúnjẹ bá padà sójú títì, àwọn tó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde kò ní tò.

Dérébà rò pé òun ti borí. "Ẹ ò rí i, Màdáámú? Kò lẹ́nì kankan!" Ó yíjú sí inú ṣọ́ọ̀bù, ó ń lo ohùn tó fi ń pe ìlà nígbà kan. "Ta lebi ń pa níbí? Kó jáde ká rí i!"

Kò sẹ́ni tó mira. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan gbé orí diráyà tó wà ní ìparí sókè.

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ó dìde. Aṣọ rẹ̀ wà ní lílọ̀, irun rẹ̀ kò tíì gbẹ. Kò wo Dérébà. Màdáámú ló kọjú sí. "Ebi ń pa mí, mà. Látìgbà tí mi ò ti lè rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ ni. Onídìrí yìí ló ń bọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Àǹtí?" Ohùn Dérébà ti lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yin kẹ̀? Èmi tí mo ń gbé ọkọ̀ oúnjẹ kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín!"

"Mo máa ń rí ọ. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo máa ń dúró sí, mo sì ń gbọ́ ẹ̀fẹ̀ tí ò ń bá wọn ṣe. Mo ní tí mo bá lọ tò, àwọn èèyàn á ní ẹ wo Ọ̀gá Oúnjẹ, ebi ń pa ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. O lórúkọ níbẹ̀, inú rẹ ń dùn. Mi ò fẹ́ kó tọwọ́ mi bàjẹ́."

Àwọn tó kù lábẹ́ diráyà tẹ orí mọ́lẹ̀. Màdáámú sún mọ́ màmá náà, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó sì sọ láìbojú wẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ máa já ẹrù sílẹ̀."

Dérébà já a. Ó ru ìrẹsì, ó ru ẹ̀wà, ó ru páálí agolo, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó má baà kọjá níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ má rò pé owú ti tán nínú rẹ̀ o. Ó tún gbóná sí i ni, torí lọ́tẹ̀ yìí ó ti mọ ohun tí onídìrí gbà lọ́wọ́ òun gan-an. Nígbà tó gbé èyí tó kù wọlé, onídìrí wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń to àpò.

"Ta ló sọ fún ọ?" Dérébà bi í wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìyá wọn, mi ò mọ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ebi ń pa ẹ̀gbọ́n mi?"

Onídìrí wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà. Mo bi wọ́n ni."