Ilé Olórí Rìbìtì tí Ràṣídì Kọ́ fún Sìlífátù

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Ajah, tí ẹ ń bú awakọ̀ nítorí ariwo, ẹ kò mọ Ajah. Ajah tí à ń wí ni èyí tí èèyàn ti ń gbọ́ ìró òkun láti orí ẹní rẹ̀, tí àgbọn ń já bọ́ láàárín ọ̀sán, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí Èkó. Bí ọ̀sà bá bínú, a jókòó sílé, a ń mu gàrí. Ní Ajah yẹn, a ní ilé kan tí kò sí irú rẹ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́. Funfun báláú ni. Orí rẹ̀ rí rìbìtì bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin sì dúró sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má wá a lọ o. Títì ọlọ́dà ló gbé e lọ. Àárò rẹ̀ ń sọ wá, kí n má purọ́.

Ràṣídì bíríkìlà ló kọ́ ọ. Ọmọ Odùkọ̀yà apẹja ni, ṣùgbọ́n òkun kò gbà á. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, á máa bì títí wọn yóò fi padà sí èbúté. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn: "Ọmọ apẹja tí ẹja ń fi ṣẹ̀sín!" Nígbà tó sú bàbá rẹ̀, ó fà á lé bíríkìlà kan lọ́wọ́ ní Èkó, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ ilé kíkọ́.

Ní nǹkan bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, ojú rẹ̀ bọ́ sára Sìlífátù, ọmọ ìlú Lángbàsà. Ẹja ló ń yan. Ẹ wo obìnrin! Ẹja tó bá yan, bó pẹ́ títí kì í bu. Ẹnu rẹ̀ náà sì mú bí abẹ.

"Bíríkìlà tó ń sùn lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ," ó wí fún Ràṣídì. "Ẹ kọ́ tiyín ná ká rí i."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ràṣídì lákínyẹmí ara. Ó ṣáà fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ náà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Lọ́jọ́ kan, ó ń lẹ ògiri ní ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà kan tó ń ta aṣọ ní Èkó, ló bá rí àwòrán ilé kan lára kàlẹ́ńdà. Ó dúró, sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bi ẹni tó ń bá wọn tajà pé ilé ta nìyí.

"Ọba kan ní Íńdíà ló kọ́ ọ fún ìyàwó tó fẹ́ràn jù."

Òótọ́ ni, àmọ́ ààbọ̀ òótọ́ ni. Ràṣídì tọrọ kàlẹ́ńdà náà, ó gbé e wálé, ó ní, "Sìlífátù, màá kọ́ irú ẹ̀ fún ọ." Sìlífátù rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ọba Ajah!"

Ẹ̀yin ará mi, ọkùnrin yìí kọ́ ọ! Ọdún gorí ọdún. Ọkọ̀ ojú omi ló ń bá a kó sìmẹ́ńtì. Ó wa yanrìn, ó kó o síta fún òjò kí iyọ̀ lè kúrò lára rẹ̀. Orí rìbìtì yẹn ló fẹ́ẹ̀ yà á ní wèrè. Ó fi ọparun ṣe egungun rẹ̀, ó wó. Ó tún un ṣe, ó sì dúró. Ọdún Fẹ́sítáàkì ni wọ́n kó wọlé, òun, Sìlífátù àti Mùínàt ọmọ wọn. Ràṣídì fi ẹfun kun gbogbo ara ilé náà, ó sì ṣòfin pé iná ẹja kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Etí ọ̀sà lọ́hùn-ún ni Sìlífátù ti ń yan ẹja.

Kò pẹ́ tí wọ́n wọlé ni ibà dá Sìlífátù dùbúlẹ̀, tí gbogbo wa rò pé ó parí. Ọlọ́run yọ ọ́. Ta ló máa ro nǹkan kan sí i nígbà yẹn?

Àfi ọjọ́ tí Tájù awakọ̀ ojú omi gbé àlejò kan wá. Tíṣà ni, ará Íńdíà ni, wọ́n ń pè é ní Mísítà Kúmà. Ó ti gbọ́ nípa ilé náà. Bó ṣe rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, Tájù ń túmọ̀ rẹ̀ fún èrò tó pé jọ.

"Ó ní káàkiri ayé ni wọ́n ti ń kọ́ àfijọ ilé yìí. Ó ní ọmọ ọba kan ní ìlú àwọn kọ́ irú ẹ̀ fún ìyá ẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun máa bá ọ̀kan ní Ajah. Ó ní kí Ọlọ́run fi ìyàwó yín sí Àlùjánnà."

"Ìyàwó mi kẹ̀?" ni Ràṣídì wí.

"Ó ní ṣebí sàréè ìyàwó ọba ni ilé tó wà ní Íńdíà yẹn. Ó ní, ìgbà wo ni tiyín kú?"

Sìlífátù ló dúró sẹ́yìn wọn yẹn, ó gbé ẹja yíyan fún àlejò. Háà, Tájù! Ètè tí kò pamọ́ ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé kò lè gbé ìyẹn mì ni?

Sìlífátù gbé àwo sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Bàbá Mùínàt, ẹ ti mọ̀?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, n ò mọ̀!"

"Ẹ gbé sàréè kalẹ̀, ẹ ní kí n máa gbá a láràárọ̀. Abájọ tí ibà fi fẹ́ẹ̀ pa mí!"

Tíṣà ń bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, Sìlífátù ti mú Mùínàt lọ́wọ́, ó di Lángbàsà.

Ràṣídì lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó. Ó mú lèmọ́ọ̀mù wá sí ilé náà láti ṣàdúà, lèmọ́ọ̀mù sì ní ilé kò ju ilé lọ. Sìlífátù kò yí padà. Ó ní, "N ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n n ò ní sùn nínú sàréè láàyè." Àwọn ọmọ aráyé kò sì ràn án lọ́wọ́. Bí àwọn aláwàdà bá ń kọjá níwájú ilé, wọ́n á kí i bí Mùsùlùmí ṣe ń kí ibi ìsìnkú: "Àlàáfíà fún yín, ẹ̀yin ará inú sàréè!" Ràṣídì á jókòó sínú ilé, á máa gbọ́. Ilé tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kọ́, òun nìkan ló kù nínú ẹ̀. Ó fẹ́ràn obìnrin náà, kò sí bí a ṣe lè wí i kó yé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ló gbé àkàbà ti ògiri, ó mú òòlù, ó gun orí rìbìtì náà lọ. Gbà! Gbà! A sáré jáde. A ń pariwo pé kó má ṣe é. Ẹnì kan ti sáré lọ sí Lángbàsà. Nígbà tí Sìlífátù fi máa dé, ihò ti là lókè tó tó agbọ̀n, ẹfun bo Ràṣídì lórí, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ṣì ń lù ú.

"Bàbá Mùínàt, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Màá wó o tán. Wá sílé. Màá padà sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ."

"Mo ní ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Sìlífátù wọnú ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tó ti lọ, ó gbójú sókè wo ihò náà, oòrùn ń gbà á wọlé. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ti rí sàréè tí èéfín ń jáde lórí ẹ̀ rí?"

"Rárá."

"Ẹ bá mi gbé ààrò ẹja wọlé, nígbà náà. Ká wo ẹni tó máa tún kí wa bí òkú."

Ràṣídì wo ògiri rẹ̀ funfun. Gbogbo wa rí bí ó ṣe mí kanlẹ̀. Ó wá tẹ̀ lé e lọ sí etí ọ̀sà.

Ṣé ẹ mọ bí èéfín ẹja ti rí. Kí Iléyá tó dé, orí rìbìtì ti dúdú bí ìdí ìkòkò, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pọ́n, òórùn ẹja sì gba àdúgbò. Kò sẹ́ni tó tún pè é ní sàréè. Tájù, tí ojú ṣì ń tì, lọ bá Ràṣídì níbi tó dúró sí níta, tó ń wo òkè.

"Ọ̀gá, ṣé kò dùn yín?"

"Ó dùn mí," ni Ràṣídì wí. "Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọba yẹn, ilé tiẹ̀ funfun lókè, kò sí ìyàwó nílé."

"Bàbá Mùínàt!" Sìlífátù pè é láti inú èéfín. "Ẹ ò ní wá bá mi yí ẹja ni?"

"Mò ń bọ̀," ni Ràṣídì dáhùn, ó sì sáré wọlé.