Bí Mo Ṣe Lọ Ilé Ọkọ ní Thamesmead

Ẹ̀bá adágún omi ní Birchmere Park, ní Thamesmead nílùú òyìnbó, ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà mí. Mo ń ti Màmá, ìyá ọkọ mi, lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa, Auntie Bísí, kí wa.

"Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ẹ̀yin ni àbúrò Brother Tóyè tó ti ilé wá, àbí?"

"Rárá o, ìyàwó wọn ni mí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa ṣeré! Ìyàwó wọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ night? Ó lọ tọ́jú ọmọ wọn tó bímọ ní Manchester ni. Saturday ló ń bọ̀."

Mo wo Màmá. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ni Màmá ń wò.

Opó ni mí, aránṣọ ni mí ní Abẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀ṣì ló fi èmi àti Tóyè mọra, orí fóònù la sì ti fẹ́ra. Kò lè wá síbi ìdána, nítorí náà fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n gbé sórí àga. Mo kúnlẹ̀ fún fọ́tò, mo dé e ní fìlà. Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló gbà mí lọ́wọ́ ẹbí mi. Físà àbẹ̀wò ni mo gbà. Tóyè ní a ó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tí mo bá dé. Lọ́jọ́ ìrìn àjò, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé.

Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n á bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Ní Thamesmead, bàtà ni wọ́n ní kí n bọ́, nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Tóyè gba páásípọ́ọ̀tù mi, ó ní òun á bá mi tọ́jú rẹ̀. Yàrá Màmá ni mo ń sùn.

"A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ara wa kí pásítọ̀ tó so wá pọ̀," ló wí.

Mo yin Ọlọ́run pé onígbàgbọ́ tòótọ́ ni mo fẹ́. Mo ń wẹ Màmá, mo ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fún wọn lóúnjẹ. Carer ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń sanwó fún un. Èmi rò pé iṣẹ́ ìyàwó ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Auntie Bísí sọ̀rọ̀ yẹn, mo bi Tóyè léèrè. Kò gbójú kúrò nínú oúnjẹ.

"Ìyàwó mi ni ọ́ nílé, àbúrò mi ni ọ́ níbí. Kí ló le níbẹ̀? Tó o bá jáde, màá sọ fún police pé o jí góòlù Màmá."

Orí mi dàrú. Mo tún bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ǹ bá ṣe.

Láàárọ̀, nígbà tó ti lọ síbi iṣẹ́, Màmá ní, "Tú aṣọ tìmùtìmù kẹ̀kẹ́ mi yìí." Páásípọ́ọ̀tù mi ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Tóyè fi í pamọ́ sí; Màmá ti ń jókòó lé e láti ọjọ́ tí mo dé.

"Máa lọ. Pe Bísí kó wá jókòó tì mí." Auntie Bísí dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì júwe ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Woolwich fún mi.

Bọ́ọ̀sì dé Woolwich jẹ́ pọ́n-ùn kan àti pẹ́nsì márùndínlọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni, àfi káàdì. Mo na owó sí dírẹ́bà, mo ń bẹ̀ ẹ́. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn.

"Mummy, owó yẹn ò ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ wọlé jàre. Ṣé wọ́n ń lé yín ni?"

Mo yára wọlé. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ Auntie Bísí, ní Connaught Estate, ni mo sá pamọ́ sí títí ọjọ́ bàálù tó máa gbé mi padà sílé fi pé.

Nígbà tí mo padà dé Abẹ́òkúta náà, ọkàn mi ò balẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Akin ń wá bá ẹbí mi léraléra: "Ìyàwó wa ni. Ẹ dá a padà, tàbí kí n kó ọlọ́pàá wá." Lọ́jọ́ kan tó jókòó sí pálọ̀ wa, Màmá pè mí láti Thamesmead. Mo sọ ẹni tó wà níwájú mi fún wọn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó gbọ́ ohùn àwọn.

"Akin, dìde nílé onílé. Èmi ni mo ní kó máa lọ. Kò jí nǹkan kan. A ò níyàwó níbẹ̀."

Ó dìde. Kò padà wá mọ́.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju èyí lọ: aládùúgbò ọkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, kì í ṣe ọkọ. Ìyókù kò tíì yé mi. Kí Màmá tó pa fóònù, mo bi wọ́n pé ta ló ń wẹ̀ wọ́n báyìí.

"Ìyàwó Tóyè ni. Ọwọ́ ẹ̀ le o."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo sá lọ.