Bọ́ọ̀dù Oníhò Àbọ̀

Títí di òní, bí mo bá rí bọ́ọ̀dù rédíò lórí tábìlì ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá ihò àbọ̀ wà níbẹ̀.

Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, mo jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé kékeré kan ní Yábà, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí etí wọn di. Nínú kíláàsì mi, ọmọbìnrin kan wà tí etí tirẹ̀ kò tíì di tán. Bí a bá fi ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè bá a sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ díẹ̀, ó sì ti ń pe "omi" àti "ó tó". Baba rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, kò gbà wá gbọ́. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tí sáà bá parí, òun yóò dúró sẹ́yìn ọmọ náà, òun yóò sì pè é nínú ẹ̀rọ. Bí kò bá dáhùn, òun yóò mú un lọ bá ìyá òun nílé, kó lọ máa bá a ṣiṣẹ́ ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ dákẹ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá Ojú Ẹlẹ́gbà. Nígbà tó tú u, ó fi bọ́ọ̀dù kékeré kan hàn mí tó ti là. Ihò méje ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ ìlàjì, bí ìgbà tí eyín gé etí bisikíìtì jẹ. Wọ́n fi kọ́pà tẹ́ inú ihò wọ̀nyí, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì, òjé yíyọ́, jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá inú ẹ̀rọ náà.

"Tòkè òkun ò lè dé kí sáà yín tó parí, Mísì. A máa ṣe é fúnra wa."

"Ṣé ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Rárá. Ẹni tó ṣe èyí, ṣé orí méjì ló ní?"

Èmi tí mo kàwé rò pé a ó gé bọ́ọ̀dù ná, kí a tó dá ihò àbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní dírìlì kò mọ àbọ̀, ibi tí kò sí nǹkan ni yóò yọ̀ sí. Odindi ihò ni a ó lu sórí ìlà tí a ó ti gé e, a ó fi kọ́pà tẹ́ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó fi ayùn là á láàárín. Ṣùgbọ́n kọ́pà kì í mú inú ihò tí iná mànàmáná kò lè gbà kọjá, nítorí náà mo lọ dúdú inú pẹ́ńsùlù, tí iná lè gbà kọjá, kúnná, a pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù díẹ̀, a sì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kùn ún sínú ihò kọ̀ọ̀kan.

A gbé bọ́ọ̀dù mẹ́ta tí a ti lu ihò sí lọ sí Muṣin, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi omi kẹ́míkà àti iná sọ bọ́ńpà mọ́tò dọ̀tun. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ wa.

"Ṣé bọ́ńpà mọ́tò èèrà nìyí?"

Síbẹ̀, ó so wọ́n rọ̀ sínú omi búlúù rẹ̀. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, ọjọ́ sì ń lọ. Nígbà tí yóò fi di àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni kọ́pà mú dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n là á pẹ̀lú ayùn tín-ín-rín. Ìrun Jímọ́ọ̀ ti tó.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Mísì. Mo ń bọ̀."

Ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù náà rí wúruwùru. Èmi kì í lè rí ìlà wíwọ́ kí n má tọ́ ọ. Mo mú fáìlì irin tó fi ń ha etí nǹkan, mo ń fà á lọ, mo ń fà á bọ̀, kí ó lè gún. Ìgbà tí mo gbójú sókè, kọ́pà ti ṣí kúrò nínú ihò mẹ́rin bí èèpo àlùbọ́sà. N kò mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kọ́kọ́ yọ́ àbẹ́là sínú ihò wọ̀nyẹn, kí ó lè di kọ́pà mú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo kàn ní kí n tún un ṣe ni," mo sọ fún un nígbà tó ti ìrun dé.

"Ẹ ti tún un ṣe, Mísì." Ó jókòó, ó mú irin tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì.

Ó gbìyànjú láti jó o, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀dì kò mú ibi tí kò sí kọ́pà. Baba ọmọ náà dé ilé ìwé ní agogo mẹ́ta. A dé ẹ̀rọ náà sí ọmọ rẹ̀ létí. Ó dúró sẹ́yìn, ó pè é. Ó tún pè é. Ọmọ náà ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìpè kẹta, baba náà fúnra rẹ̀ rọra ṣí i kúrò.

"Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

"Ẹ ṣeun, Mísì. Ẹ ti gbìyànjú. Mọ́tò ń dúró dè wá."

Mo kọ lẹ́tà méjì sí Ògbómọ̀ṣọ́. N kò rí èsì. Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn èèyàn máa ń tù mí nínú pé ọmọ náà á ti dàgbà, ayé á ti yẹ ẹ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. N kò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a ṣe bọ́ọ̀dù mìíràn, n kò fọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ náà sì sọ̀rọ̀ ketekete ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ.