Aṣọ Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Bàbá

Mo ń yan ridó, aṣọ ẹnu ọ̀nà, fún ilé mi lọ́jà Sokodé, ni òórùn kàfúrà bá gbé mi padà sí Kambolé, sí ọ̀sán tí ìyá mi ń tú àpótí, tó ń wá aṣọ tí yóò ta sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí bàbá mi sá pamọ́ sí. Ó ju aṣọ olódòdó nù. Ó mú èyí tí àwòrán olórí ìjọba wà lára rẹ̀.

"Ìyá, olódòdó ló dára jù."

"Dákẹ́, ọmọ mi. Sójà wo ló tó fa ojú Ọ̀gá ya?"

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìyá mi kò ní ilẹ̀kùn mìíràn tó lè tì.

Iṣu tó gbé kaná kò tíì jinná tí àwọn sójà fi dé. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì rọra ká aṣọ náà sókè, kí ó má baà rún, wọ́n sì wọ́ bàbá mi gba abẹ́ rẹ̀ jáde.