Mo Ní Orí Ló Ń Fọ́ Mi

Tí ẹ bá gba ọ̀nà Masifa jáde ní Ẹ̀jìgbò, kí ẹ tó dé ibi tí ilé ti ń jìnnà síra wọn, ẹ ó gbọ́ ariwo ayùn tó ń gé alùmíníọ́mù. Ṣọ́ọ̀bù Salahudeen nìyẹn. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn onígíláàsì ni iṣẹ́ rẹ̀. Abidjan ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ Ummuhani ìyàwó rẹ̀, kí ogun tó lé wọn wálé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Títí di òní, tí inú bá bí i, Faransé ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kí Yorùbá tó tẹ̀lé e. Inú sì bí i púpọ̀ ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nítorí orí.

Kì í ṣe orí fífọ́ tí èèyàn ń lo oògùn méjì sí kó lọ. Ẹ̀yìn ojú ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń fi irin gbígbóná gún un láti inú. Ojú náà á pọ́n, omi á máa dà níbẹ̀, ihò imú apá ibẹ̀ á máa ṣomi, ìpéǹpéjú á wálẹ̀. Kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀. Á máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, á máa fi orí gbá ògiri. Tó bá yá, ìrora náà á lọ bíi pé kò wá rí. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, á tún dé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa bá a jà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò wá fi í sílẹ̀, tí ọdún bá yípo yóò padà.

Gbogbo ayé ló mọ ohun tó ń ṣe é, àfi òun. Ẹni tó ń ta oògùn ní ibà ni. Ẹlòmíràn ní túúlu ni, kí ó máa fa àgbo símú. Wọ́n ní ojú ni, ó lọ ra awò. Awò kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Wọ́n ní eyín ni, wọ́n yọ ọ̀kan, orí ń fọ́ lọ; wọ́n ní àwọn ṣi eyín yọ, wọ́n yọ òmíràn. Jímọ́ọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni, kí ó ṣe sàárà. Ó ṣe é. Pásítọ̀ Oyèdèjì, tó gbé iṣẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wá fún un, gbé ọwọ́ lé e lórí láìbéèrè, ó gbàdúrà tó gùn.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín," ni Salahudeen máa ń sọ, "ṣùgbọ́n orí yìí ò gbọ́ èdè yín."

Lọ́jọ́ kan tí ìrora náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀, ó mú fóònù, ó fi Faransé kọ gbogbo bó ṣe ń ṣe é sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó jáde yà á lẹ́nu. Àìsàn náà ní orúkọ. Àwọn èèyàn wà nílùú òyìnbó tí ojú kan ń ta báyìí. Àwọn kan nínú wọn ní olú kan wà, kì í ṣe èyí tí à ń fi se ọbẹ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kí ẹni tó bá jẹ ẹ́ rí ìran àràmàǹdà. Wọ́n ní ó lé orí náà jìnnà sí àwọn. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ kan wà, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn irú olú bẹ́ẹ̀ àti egbòogi tó jọ ọ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó wọlé, kó sọ ẹni tí òun jẹ́.

Salahudeen kò fẹ́ rí ìran kankan. Ó gbé fóònù náà tọ Joanna lọ, obìnrin tó ní ilé kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú ẹgbẹ́ náà, tirẹ̀ kò sì pọ̀.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní," ló wí. "Bá mi bi wọ́n, kí n kúrò níbẹ̀."

Joanna bá a kọ ọ́ báyìí: orúkọ mi ni Salahudeen. Ẹ̀jìgbò ni mò ń gbé, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Nàìjíríà. Fèrèsé alùmíníọ́mù ni mò ń ṣe. Orí ń fọ́ mi ní apá kan, ó sì burú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé olú yẹn ti ran ẹnikẹ́ni nínú yín lọ́wọ́ lórí irú èyí?

Kí ó tó kírun dé, èsì ti kún ibẹ̀. Joanna ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ojú sì ń tì í bó ṣe ń lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ẹ káàbọ̀. Wọ́n fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́. Wọ́n ní... wọ́n ní Ọ̀ṣun!"

"Ọ̀ṣun báwo?"

"Wọ́n rí i pé ẹ pe Ọ̀ṣun. Wọ́n ń béèrè bóyá òrìṣà odò náà máa ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Orúkọ ìpínlẹ̀ ni! Ìjọba ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Mùsùlùmí ni mí, Joanna! Orí ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ nípa orí?"

Joanna wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. "Wọn ò tíì débẹ̀."

Ọkùnrin òyìnbó kan wà nínú wọn tí irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, tó pe ara rẹ̀ ní Ẹni-Tó-Ti-Jí. Òun ló lẹ́nu jù. Ó ní kí Salahudeen sọ ewé àti egbò tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ fi ń wo ayé kejì. Salahudeen ní kí Joanna kọ ọ́ pé àwọn àgbà ilé òun ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní ìlú Ara, tí wọ́n bá sì ti jẹun tán, oorun ni wọ́n ń sùn. Ọkùnrin náà dáhùn pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn, pé oorun ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́.

"Ilẹ̀kùn?" ni Salahudeen wí. "Èmi tí mò ń ṣe ilẹ̀kùn jẹun, mi ò mọ irú èyí."

Lọ́jọ́ kejì ni ádímìn ẹgbẹ́ kọ̀wé sí i pé bó ṣe sọ ara rẹ̀ kò tó. Òfin ni pé kí ẹni tuntun sọ ìrìn-àjò tó ti rìn àti ohun tó rí kọ́ níbẹ̀. Ọkàn Salahudeen balẹ̀ díẹ̀. Ó kéré tán, èyí yé e; ìrìn-àjò kò ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀jìgbò. Ó ń sọ, Joanna ń kọ: ó ti lọ sí Abidjan láìmọye ìgbà, ó ti dé Bouaké, ó ti sùn ní Accra, ó ti sùn ní Lomé. Ohun tó kọ́ ni pé ẹnubodè kan kò sàn ju èkejì lọ, pé kí èèyàn má fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti pé tí o bá ti wọ ọkọ̀ tán, awakọ̀ ló mọ ibi tó ń gbé ọ lọ, kí o ṣáà máa gbàdúrà.

Ńṣe ni ẹgbẹ́ náà gbiná. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà pa àwọn lẹ́kún. Ẹnìkan ní òun ti kọ ti ẹnubodè yẹn sára ògiri yàrá òun. Joanna ló wá ka àwọn ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá dáadáa, tó rí i pé ohun tí àwọn yẹn ń pè ní ìrìn-àjò kò ní ọkọ̀ nínú. Èèyàn á jẹ olú náà, á jókòó sójú kan, ọkàn rẹ̀ á sì máa rin ìrìn tirẹ̀. Gbogbo wọn rò pé òwe ni Salahudeen ń pa.

"Sọ fún wọn pé bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀!" ló ń pariwo. "Bọ́ọ̀sì! Tó ní táyà! Tí wọ́n di ewúrẹ́ mọ́ òrùlé rẹ̀!"

Joanna kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni-Tó-Ti-Jí dáhùn pé, "Inú bọ́ọ̀sì yẹn ni gbogbo wa wà, bàbá."

Ìbéèrè orí fífọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Nílé, ọ̀rọ̀ tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ummuhani mú fóònù ọkọ rẹ̀ láti wá nọ́ńbà ẹni tó ń ta gíláàsì, ló bá rí àwòrán olú pupa kan tí ojú ńlá wà láàárín rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò le jù ú lọ. Wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ káàbọ̀ sínú ẹbí.

"Bàbá Mùtmàínà, ẹbí wo lẹ wọ̀?"

"Kì í ṣe ẹbí. Àwọn tó ń jẹ olú ni."

"Olú tó ní ojú? Ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ẹ lọ wọ̀ nítorí orí?"

"Òkùnkùn wo? Lójú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń ṣe é!"

"Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́?"

"Mi ò tíì rí ẹni tó dá mi lóhùn, ká tó wá sọ pé mo jẹ nǹkan!"

Ummuhani jókòó. Kì í ṣe obìnrin aláriwo. "Ẹ gbọ́. Ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí wọ́n ti bí ìyá mi, ilé kan jẹ olú tí wọn ò mọ̀, òkú ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ojú tó ń dùn yín yìí, mo lè fara dà á. Mi ò lè fara da òkú yín."

Inú bí Salahudeen nítorí pé òótọ́ ló sọ. Inú tún bí i nítorí pé ojú tí obìnrin náà ní òun lè fara dà, kò sí lórí tirẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, ẹgbẹ́ náà pe àwọn ẹni tuntun sí ìpàdé orí fídíò, kí oníkálùkù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí òun jẹ́. Salahudeen ní òun ti sọ ara òun tó, òun ò lọ.

"Ẹ lọ bi wọ́n lójúkorojú," ni Joanna wí. "Tí wọ́n bá rí yín, wọn ò ní lè sọ yín di òwe."

Ummuhani ní òun náà á wà níbẹ̀, kí òun fojú rí ẹbí náà. Àwọn mẹ́ta jókòó ní ilé kọ̀ǹpútà, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, ojú àwọn èèyàn sì tò sójú kọ̀ǹpútà bí gíláàsì fèrèsé. Oníkálùkù ń sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò sì tán bọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa kan Salahudeen, wọ́n ti kírun Àsárì tán. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ béèrè nípa orí," ibẹ̀ náà ni irin gbígbóná wọ ẹ̀yìn ojú rẹ̀.

Ó fò dìde. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ara ògiri, ó ń gbá orí mọ́ ọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ojú àwọn yẹn tàn. Ẹni-Tó-Ti-Jí di ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dí yín lọ́nà," ni Joanna túmọ̀. "Ó ní nǹkan ti ń bà lé yín."

Àwọn ìyókù bẹ̀rẹ̀ sí kùn lábẹ́ ohùn, bí ẹni ń kọrin.

"Orin wo nìyẹn?" ni Ummuhani wí. "Ṣé ojú wọn fọ́ ni? Ṣé wọn ò rí i pé ìyà ń jẹ ẹ́ ni?"

"Mon œil!" ni Salahudeen ń ké, ojú rẹ̀ ló ń wí. Gẹ̀ẹ́sì ti sá, Yorùbá ti fẹ́ẹ̀ sá. "Taisez-vous! Ẹ panu mọ́! Mon œil!"

Obìnrin dúdú kan wà ní igun ìsàlẹ̀ tí kò tíì sọ nǹkankan. Òun ló jágbe mọ́ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì tí orin fi já. Ó wá yí ohùn padà sí Faransé, irú Faransé tí wọ́n ń sọ ní Abidjan gan-an, níbi tí wọ́n ti ń pe àgbà ọkùnrin ní tonton.

"Tonton, ojú wo ni? Ṣé apá kan ṣoṣo ni? Ṣé imú náà ń ṣomi?"

Ummuhani ló dá a lóhùn, nítorí ọkọ rẹ̀ kò lè dúró sójú kan. Obìnrin náà ní Affoué ni òun ń jẹ́, nọ́ọ̀sì ni òun ní Bouaké. Irú orí yìí gan-an ló ń ṣe ọkọ òun, ohun tó sì gbé òun wọ ẹgbẹ́ náà nìyẹn.

"Mo rí ìbéèrè yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́," ló wí. "Mo rò pé ẹnìkan á dá yín lóhùn."

"Kò sẹ́nìkan!" ni Salahudeen wí láti ara ògiri.

Affoué ní àwọn kan ń sọ pé olú náà ran àwọn lọ́wọ́, àwọn dókítà ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n òfin kò fàyè gbà á, ó sì lè ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá. Kí ẹnikẹ́ni má lọ wá olú kankan nínú igbó. Kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà, kí wọ́n sì ní kí àwọn dókítà fi ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, bò ó nímú nígbà tí orí bá dé. Ohun tó ń ran ọkọ òun lọ́wọ́ nìyẹn.

"Ẹ tún un sọ, madame," ni Ummuhani wí, "kí n gbọ́ ọ délẹ̀."

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo, ara Salahudeen le koko. Wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà, ṣùgbọ́n dókítà kékeré kan wò ó, kò rí nǹkankan, ó fún un ní oògùn orí, ó ní kó máa lọ. Ummuhani ní àwọn ò lọ. Wọ́n padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Mà, kí lẹ ń dúró dè?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Orí," ni Ummuhani dáhùn. "Ó máa ń dé lẹ́yìn Àsárì."

Nọ́ọ̀sì wò ó bí ẹni tí nǹkan ti ṣe. Ṣùgbọ́n orí náà dé. Salahudeen ti ń gbá ara mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí dókítà àgbà kan ń kọjá. Ó wo ojú tó pọ́n náà, ó wo imú, ó béèrè ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ Ummuhani, ó sì ní kí wọ́n gbé sílíńdà wá kíá. Wọ́n fi nǹkan bò ó nímú. Kò pẹ́ tí èjìká rẹ̀ fi wálẹ̀. Ó jókòó. Láti ọdún tí orí yìí ti ń bá a jà, ìyàwó rẹ̀ kò rí i kó jókòó nígbà tó bá dé.

Nígbà tí wọ́n ṣí i nímú, ẹkún ló ń sun.

"Eyín mi," ló wí. "Wọ́n yọ eyín mi! Afẹ́fẹ́ lásán ni, Ìyá Mùtmàínà. Afẹ́fẹ́!"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ ná."

"Màá dúpẹ́. Jẹ́ kí n bínú tán."

Dókítà náà fún un ní oògùn tí yóò máa lò ní àsìkò tí orí bá ń bọ̀, ìyẹn sì ti dín ọ̀pọ̀ rẹ̀ kù. Salahudeen ní kí Joanna yọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Affoué nìkan ni Salahudeen dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Affoué àti Ummuhani sì ti di ọ̀rẹ́ tó ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn lórí Wáàsáàpù; ọ̀rọ̀ orí kì í wọ ọ̀rọ̀ wọn mọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Orí náà kò lọ pátápátá. Nínú Ramadan tó kọjá ó dé, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí. Sílíńdà wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n tì í mọ́ ti lọ sílé lọ gbọ́ oúnjẹ ìṣínu. Salahudeen sọ̀rọ̀ sí wọn ní Faransé títí. Ummuhani kò bá wọn jà. Ó béèrè ilé ẹni náà, ó gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, ó sì gbé ẹni náà àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dé.